Ṣé kí n fi iṣẹ́ ara mi sílẹ̀ gba iṣẹ́ olówó oṣù ní Berlin?

Àdùkẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mò ń ṣe ní Bódìjà. HND ni mo gbà ní Yabatech, láti ìgbà tí mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti ń dá ṣiṣẹ́ ara mi: lógò, ìdì ọjà, ìwé ìpolówó, fún àwọn oníbàárà tó wà ní Èkó, ní Accra àti ní Kánádà.

Ilé iṣẹ́ kan ní Berlin, tí mo ti bá ya ìdì ọjà láti ibí, kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ kí n kó wá, kí n wá di òṣìṣẹ́ àwọn. 48,000 yúrò lọ́dún ni wọ́n ní àwọn yóò san, wọ́n sì fẹ́ kí n fèsì kí oṣù yìí tó parí.

Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé n kò ní máa sin gbèsè mọ́. Oníbàárà á gba iṣẹ́ tán, á ní òun ń bọ̀ wá sanwó, oṣù mẹ́ta á kọjá. Iná á lọ, n ó bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kí n lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí àsìkò tí a dá tó pé. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù ni pé ó pẹ́ kí n tó kó àwọn oníbàárà tí mo ní jọ, ọmọṣẹ́ méjì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìyá mi sì ń wojú mi. Bí mo bá lọ tí ibẹ̀ kò gbè mí, kí ni n ó padà wá bá? Ẹ̀wẹ̀, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń fi HND gba físà iṣẹ́ ní Jámánì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Baba Ṣadé

Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ìdajì owó oṣù ni ìjọba Jámánì máa ń mú lọ. 24,000 ni kí ẹ fi ọkàn sí, kí ẹ má fi ọkàn sí 48,000.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Neukölln

Ẹ kú oríire, arábìnrin. Ẹ má bínú sí mi, Baba Ṣadé, kì í ṣe ìdajì. Ẹni tí kò ní ọkọ tí kò sì ní ọmọ, tó ń gba 48,000 lọ́dún, 4,000 yúrò ni owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ nǹkan kan kúrò, ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ yóò sì lé díẹ̀ ní 2,500. Owó orí nìkan kọ́ ló kó ìyókù lọ. Ìdá 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi iye kan náà kún un láti àpò tirẹ̀. Adójútòfò ìlera wà níbẹ̀, tí ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ jọ máa pín san, owó kékeré kan sì tún wà fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí àìsàn bá dá yín dúró, owó oṣù yín yóò máa wọlé títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ló ń san owó ọjọ́ àìsàn fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ní Bódìjà?

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa kò mọ̀ ni pé, bí ẹ bá padà sílé kí owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ san tó pé ti oṣù 60, ẹ lè kọ̀wé gba ìpín tiyín padà lẹ́yìn oṣù 24. Ìpín ti agbanisíṣẹ́ kò ní bá a wá.

Ilé ni yóò mu yín lómi jù. Mo mọ àwọn tó ń san 1,000 yúrò lóṣù lórí yàrá kan àti ilé ìdáná, ilé náà kò sì lẹ́wà rárá. Ẹni tí yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Àbúrò mi, mo kí ọ. Èmi kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ owó, torí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo dàgbà sí ní Ṣómólú, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló sì ti gba ọwọ́ wa kọjá. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ níhìn-ín, òun ló ń gbọ́ tẹnu oníbàárà, òun ló ń ronú, òun ló ń yà á, òun náà ló sì máa dúró ti ẹ̀rọ nígbà tí bébà àkọ́kọ́ bá jáde. Á mú un bọ́ síta sínú oòrùn, á gbé e sún mọ́ ojú, á rí i pé pupa rẹ̀ ti ṣú jù, á ní kí ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ dín yíǹkì kù, wọn á tún un tẹ̀, wọn á tún un gbé sínú oòrùn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kọ́ ènìyàn ní èyí.

Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀ka kan péré ni wọn yóò gbé lé ọ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ̀rọ̀ orí ìdì náà, ẹlòmíràn ni yóò mú àwọ̀, o sì lè fi odidi oṣù kan tún àmì kékeré kan ṣe fún oríṣiríṣi ìwọ̀n ìgò. Bí o bá pẹ́ lẹ́nu irú rẹ̀, ó lè ṣòro fún ọ láti tún dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí o sì dá a parí. Mi ò sọ pé kí o má lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọn yóò gbé fún ọ gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Tómi, Hamburg

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Iṣẹ́ ìdì ọjà ni èmi náà ń ṣe níhìn-ín, àárín àwọn ènìyàn ni mo sì ti kọ́ ohun tí n kì bá mọ̀ láé bí mo bá dá jókòó sí yàrá mi. Nígbà tí mò ń dá ṣiṣẹ́, mo kàn ń ya ohun tó bá wu ojú. Níhìn-ín, ìgò omi ẹlẹ́rìndòdò alálòsọnù tí wọ́n bá gbé fún mi gbọ́dọ̀ ní àmì owó ìdápadà 25 sẹ́ǹtì, tí ẹni tó rà á máa gbà padà bí ó bá dá ìgò náà padà, níbi tí ẹ̀rọ ilé ìtajà ti lè kà á, àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ hàn ní ìwọ̀n lẹ́tà tí òfin là sílẹ̀, àyè bákóòdù kò sì gbọ́dọ̀ há. Mo jókòó ti obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, tó ń fi rúlà wọn lẹ́tà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọjọ́ wo ni yóò rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ohun tí n ó fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni èdè. Wọ́n lè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì làwọn ń sọ nílé iṣẹ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá dé, èdè Jámánì ni wọn yóò máa sọ, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ yóò sì jókòó bí àlejò nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti Ìbàdàn.

Ará Peckham

Ẹ ṣọpẹ́ pé Jámánì ni. Níhìn-ín ní ìlú ọba, láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, owó oṣù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ti di 41,700 pọ́n-ùn lọ́dún, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ láti kó òṣìṣẹ́ wọlé. Owó ìlera 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó san gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbéra. Àwọn ilé iṣẹ́ ayàwòrán kéékèèké tó ń fẹ́ irú wa kì í sábà lágbára rẹ̀.

Akin Lẹ́kì

Ohun tó rọrùn nìyí. Ẹ ní kí wọ́n fi 300 yúrò kún un kí ó di 48,300, ẹ ó sì gba Blue Card, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tó kàwé gboyè. Ó parí.

Akọ̀wé Leipzig

Akin, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yìí kò parí síbẹ̀, bí arábìnrin yìí bá sì tẹ̀ lé e, owó físà rẹ̀ lè ṣòfò. 48,300 yẹn ti ọdún 2025 ni. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, ó ti di 50,700. Iye tó kéré sí i wà, 45,934.20, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ́n àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde láàárín ọdún mẹ́ta ló wà fún.

Èyí tó tún ju ti owó lọ ni ìwé ẹ̀rí. Oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá ti Jámánì dọ́gba ni Blue Card ń béèrè. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ìrètí yín lé pé HND yóò kọjá níbẹ̀. Ẹ lè fi ìwé ẹ̀rí yín ránṣẹ́ sí ZAB, ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò. 208 yúrò ni wọ́n ń gbà, ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, Jámánì ń gba àwọn tí wọ́n ní ìrírí iṣẹ́ wọlé: kí ìwé ẹ̀rí ènìyàn jẹ́ èyí tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ̀kọ́ náà tó ọdún méjì ó kéré tán, kí ó sì ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún méjì láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá. Owó oṣù tí wọ́n ń béèrè lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2026 jẹ́ 45,630 yúrò lọ́dún. 48,000 yín ti kọjá rẹ̀, NBTE sì ni ìjọba wa fi ṣe alábòójútó HND. Ìjẹ́rìí láti ZAB ẹ óò nílò pé ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Ibi tí ọ̀nà yìí ti yàtọ̀ sí Blue Card ni ìwé ìgbélùú títí ayé: ẹni tó ní Blue Card lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 27, tàbí 21 bí ó bá gbọ́ èdè Jámánì dé ìpele àárín tí wọ́n ń pè ní B1, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà ìrírí yóò dúró tó ọdún márùn-ún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí iṣẹ́ yín jọ lónìí: ìwé owó tí ẹ kọ fún oníbàárà, ìwé báńkì tó fi hàn pé owó wọlé, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀gá tí yóò bá a jẹ́rìí, nítorí náà ìwé ni yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Dípọ̀, Yaba

Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó máa ṣiṣẹ́ fún wọn láti Ìbàdàn, kí wọ́n máa san owó oṣù yín gba ọ̀dọ̀ irú àwọn ilé iṣẹ́ bíi Deel, tó ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ sanwó fún ẹni tó wà ní ilẹ̀ mìíràn. Yúrò yóò máa wọlé, ilé kò ní gbà yín ní 1,000, ìyá yín yóò wà nítòsí, àwọn ọmọṣẹ́ yín yóò sì máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Ẹni Tó Padà Wálé, Abẹ́òkúta

Ìmọ̀ràn Dípọ̀ dára, ó sì yẹ kí arábìnrin yìí béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ó wo orúkọ tí wọ́n bá pè é nínú ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá pè é ní òṣìṣẹ́, ó ní ìsinmi, ó sì ní àkókò ìkìlọ̀ kí wọ́n tó lè dá a dúró. Bí wọ́n bá pè é ní agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ ara rẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe, àyàfi pé oníbàárà kan ṣoṣo ló kù ún kù, tí ìyẹn sì lè sọ lọ́la pé ó tó. Ìyẹn léwu ju ohun tó ń ṣe lọ báyìí.

Èmi lọ sí Jámánì gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, mo sì ti padà wálé. Òfin ibẹ̀ fàyè gba oṣù mẹ́fà ìdánwò, láàárín rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ènìyàn. Ilé iṣẹ́ tí mo wà gbára lé oníbàárà ńlá kan, ìyẹn kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn, wọ́n sì dá àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dúró kí oṣù mẹ́fà wa tó pé. N kò ṣe nǹkan kan tí kò dára. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn bá mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́, ó ní láti fi tó ọ́fíìsì àwọn àjèjì létí, nítorí iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́. Mo wá iṣẹ́ mìíràn nínú òtútù oṣù Kìíní títí owó ọwọ́ mi fi tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín: ẹ bi wọ́n léèrè bí iye oníbàárà wọn ṣe tó, ẹ bi wọ́n léèrè bí ẹni tó wà ní ipò náà ṣáájú yín ṣe kúrò. Ilé iṣẹ́ tó bá ń bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Àdùkẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ kò ní rí ibi. Mo ti tún ìwé àdéhùn náà kà lẹ́yìn tí mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ohun méjì ni mo rí níbẹ̀ tí kò yé mi. Èkíní ni pé n kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i lórí ìwé. Èkejì ni pé gbogbo ohun tí mo bá yà, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́, tiwọn ni. Ó sì wù mí kí n ṣì máa bá àwọn oníbàárà mi ti Kánádà ṣe díẹ̀díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Neukölln

Ti èkíní wọ́pọ̀, wọn kì í sì í sábà kọ̀ bí oníbàárà yín kò bá bá tiwọn du ọjà. Ẹ kọ orúkọ irú iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ sí tiyín. Ṣùgbọ́n àṣẹ wọn nìkan kò tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú ìwé òṣìṣẹ́ kò lè máa ṣe òwò ara rẹ̀ bí ọ́fíìsì àwọn àjèjì kò bá fún un láyè lọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ pé Kánádà ni oníbàárà náà wà. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì owó orí, torí owó tó bá wọlé láti òkèèrè náà wà lábẹ́ owó orí Jámánì.

Ti èkejì, ẹ má fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Nínú òfin Jámánì, ẹni tó ya iṣẹ́ ni olùdásílẹ̀ rẹ̀ títí láé, kò ṣeé tà. Ẹ̀tọ́ láti lo iṣẹ́ náà ni agbanisíṣẹ́ ń gbà, lórí ohun tí ẹ bá yà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún. Ẹ ní kí wọ́n fa igi lé gbólóhùn "lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́" yẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè fi iṣẹ́ tó bá ti dé ọjà hàn nínú àkójọ iṣẹ́ yín, torí bí wọn kò bá gbà, ẹ lè lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí ẹ má lè fi nǹkan kan han agbanisíṣẹ́ tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ tó dára gan-an nìyẹn. Ìyá Tómi, mo gba tìrẹ náà, mi ò ronú kan ẹni tó ń fi rúlà wọn lẹ́tà.

Àbúrò mi, má ṣe dágbére fún àwọn oníbàárà ilé lójijì. Pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ méjèèjì, fi wọ́n mọ oníbàárà lójúkojú, jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan tàbí méjì lójú rẹ kí o tó gbéra. Kí ẹ kọ ìwé pé èyí ni ìpín wọn, èyí ni tìrẹ fún orúkọ rẹ tí wọ́n ń lò, ìgbà báyìí ni yóò sì dópin. Gbé gbogbo fáìlì iṣẹ́ tó ti parí fún ẹni tó ni ín, kí ó má jẹ́ pé Berlin ni wọn yóò ti máa pè ọ́ lóru nítorí lógò kan. Gba owó tó wà níta, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó máa ń ní àwọn ń bọ̀.

Àdùkẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ gan-an ni n ó ṣe. Mo ti kọ̀wé sí wọn ní òwúrọ̀ yìí lórí gbólóhùn méjèèjì, mo sì bi wọ́n léèrè iye oníbàárà wọn. Bí wọ́n bá tún ìwé náà ṣe, n ó lọ. Bí wọn kò bá tún un ṣe, n ó béèrè ti Dípọ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé èló ni kí n mú dání, kí ni kí n sì kọ́kọ́ ṣe bí mo bá balẹ̀?

Ìyá Tómi, Hamburg

Owó ìdúró ilé lè tó owó ilé oṣù mẹ́ta, òfin kò jẹ́ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti san án ní ìgbà mẹ́ta. Ẹ fi oúnjẹ àti ilé oṣù méjì kún un, nítorí òpin oṣù ni owó oṣù àkọ́kọ́ máa ń wọlé.

Bí ẹ bá ti rí ilé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, pẹ̀lú ìwé tí onílé fọwọ́ sí. Ẹ má gba ilé tí onílé kò bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà, bó ti wù kí ó dínwó tó. Orúkọ yẹn ni wọ́n máa fi fún yín ní nọ́ńbà owó orí. Bí nọ́ńbà náà kò bá tí ì dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́, wọ́n lè fi yín sí ìpele kẹfà, níbi tí owó orí ti pọ̀ jù lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, owó tí wọ́n yọ lé yóò padà bí nọ́ńbà náà bá dé. Ẹ ṣáà ti ní ohun tí ẹ ó jẹ títí di ìgbà náà.